Ẹ Bi Wá: Kòtò Tí Mario Kò Rí

Nínú abala yìí ní oṣù tó kọjá, a mẹ́nu ba Super Mario Bros. Deluxe, àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti orílẹ̀-èdè Jàpáànù ṣe ní ọdún 1999 sí géèmù Mario ti ọdún 1985, kí ó lè ṣeé ṣe lórí Game Boy Color, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tí ó ń lo bátìrì kékeré méjì. Gbólóhùn kan péré ni a sọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò yé dé láti ọjọ́ náà. Márùn-ún nínú wọn nìwọ̀nyí; a gé àwọn tí ó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ọmọdé tí ó lè bá mi du Mario ní àdúgbò wa. Ilé kan ṣoṣo ni ó ní ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ sì ni gbogbo wa máa ń rọ́ lọ bí ilé ìwé bá ti parí. Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi tí ó ń gbé ní òkè òkun fi Game Boy Color ránṣẹ́ sí ọmọ mi pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì Mario. Mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà pé kí n fi bí àwọn àgbà ti ń ṣe é hàn án, ni mo bá já sínú kòtò kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kòtò tí mo mọ̀ dáadáa láti kékeré. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ṣé ojú mi ni ó ti di bàìbàì ni, àbí wọ́n ti yí géèmù náà padà? — Bàbá kan, Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ fi ọkàn balẹ̀, bàbá wa, kò sí ohun tí ó ṣe ojú yín. Kòtò náà kò kúrò ní ibi tí ó wà ní ọdún 1985. Ohun tí ó dín kù ni ìwọ̀n ibi tí ẹ lè rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àwòrán géèmù jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ àwọ̀ wínníwínní tí a ń pè ní píksẹ́lì. Lórí Famicom, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Mario yìí fún, píksẹ́lì 256 ni ó wà ní ìbú, 240 sì wà ní òòró. Lórí Game Boy Color, 160 ni ó wà ní ìbú, 144 sì wà ní òòró. Bí a bá sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún, ohun tí ẹ̀rọ ọwọ́ ọmọ yín lè fi hàn kò ju 37.5 nínú ohun tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà èwe yín. Bíríkì kọ̀ọ̀kan nínú géèmù náà gba píksẹ́lì 16 ní ìbú àti 16 ní òòró, nítorí náà ojú tẹlifíṣọ̀n gba bíríkì 16 láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún àti 15 láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí Game Boy Color gba 10 àti 9. Àwọn tí ó ṣe àtúnṣe yìí kò fún àwòrán náà pọ̀. Bí ó ti tóbi tó ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n wá ń fi apá kan rẹ̀ hàn wá bí Mario ti ń rìn.

Wàyí o, bí Mario bá ń sáré tí ẹ kò gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì B, nǹkan bíi píksẹ́lì 150 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá wà ní àárín ojú ẹ̀rọ yín, píksẹ́lì 80 ni ó kù níwájú rẹ̀, èyí tí yóò fi ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá ó lé díẹ̀ sá tán. Láàárín àkókò yẹn, ojú ní láti rí kòtò, ọpọlọ ní láti mọ̀ pé kòtò ni, àtàǹpàkò sì ní láti tẹ bọ́tìnì A. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní ju ìlàjì àkókò yẹn lọ ní àfikún, ìyẹn sì ni ẹ fi di ọ̀gá nígbà náà láìmọ̀ pé òun ni ó ń ràn yín lọ́wọ́.

Ti òkè àti ìsàlẹ̀ tilẹ̀ burú ju ti iwájú lọ. Bí Mario bá gun orí bíríkì gíga kan, ilẹ̀ lè kúrò lójú pátápátá, tí yóò fi di pé ẹ ń fò sísàlẹ̀ láìmọ̀ bóyá ilẹ̀ ni ẹ ó bà lé tàbí ọ̀gbun. Àwọn tí ó ṣe é mọ èyí, nítorí náà wọ́n ṣe é kí ẹ lè tẹ òkè tàbí ìsàlẹ̀ lórí bọ́tìnì onígbèélébùú láti sún àwòrán náà, kí ẹ sì yọjú wo ohun tí ó pamọ́. Ọmọ yín á ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀, nítorí pé Mario ti ayé ìgbà yín kò nílò rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ ojú ni géèmù 1985 jẹ́, pé ẹni tí ó bá ń wo iwájú dáadáa lè kọjá ní ibi tí kò dé rí, ṣùgbọ́n àtúnṣe 1999 ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìrántí, nítorí pé àfi kí ènìyàn ti kú ní ibì kan kí ó tó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Nintendo kò sọ bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n: ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré dípò mẹ́ta, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ń fi ibi tí ènìyàn bá dé pamọ́, ohun tí ti Famicom kò ṣe rárá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ gbé ìka kúrò lórí B bí ẹ bá dé ibi tí ilẹ̀ ti ń já léraléra, pàápàá ní ayé kẹjọ ìpele àkọ́kọ́, níbi tí kòtò pọ̀ bí ihò inú asẹ́. Bí ọmọ bá sì tún rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí ó wá bá yín ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mí. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí Nintendo kò fi kúkú sún gbogbo àwòrán náà kì kí ó lè wọ ojú ẹ̀rọ kékeré yẹn tán. Ṣebí ohun tí fóònù mi ń ṣe sí fọ́tò lójoojúmọ́ nìyẹn? Ó dà bí ẹni pé wọ́n kàn kó géèmù àtijọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun ni, kí wọ́n lè tún gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò wa, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí o fi parí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò inú fóònù rẹ ní píksẹ́lì tí ó lé ní mílíọ̀nù. Bí a bá yọ èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, ojú rẹ yóò ṣì jẹ́ ojú rẹ. Mario kékeré, ìyẹn Mario tí kò tíì jẹ olú, kò ga ju píksẹ́lì 16 lọ. Kí ìbú 256 tó lè wọ inú 160, ohun gbogbo ní láti dín kù sí ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, Mario yóò sì di píksẹ́lì 10. Nínú mẹ́wàá yẹn ni fìlà, imú, irunmú, apá àti bàtà yóò ti máa jìjàdù àyè.

Má gbàgbé pé àìtó àyè ni ó tilẹ̀ dá ojú tí a mọ̀ mọ́ Mario. Nígbà tí Shigeru Miyamoto, ẹni tí ó dá Mario, ń ya á fún géèmù Donkey Kong ní ọdún 1981, píksẹ́lì tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti ya irun orí tí ó wuyì, ni ó bá dé e ní fìlà. Kò tó láti ya ẹnu, ni ó bá fi irunmú sí abẹ́ imú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ọgbọ́n ṣẹ́ kù tó báyìí, bí a bá tún dín in kù, àbàwọ́n pupa kan ni yóò dà. Bí a bá fẹ́ fi agbádá bàbá rán bùbá fún ọmọ, gígé ni télọ̀ ń gé e. Kì í bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná kí ó lè súnkì.

Síbẹ̀, wọ́n gbìyànjú ọ̀nà tí o sọ yìí lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní ọdún 2004, Nintendo mú géèmù 1985 yẹn kan náà jáde fún Game Boy Advance, ẹ̀rọ alágbèéká tí ó tẹ̀lé Game Boy Color, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Famicom Mini ní Jàpáànù, tí wọ́n sì ń pè ní Classic NES Series ní Amẹ́ríkà. Ojú Game Boy Advance gba píksẹ́lì 240 ní ìbú àti 160 ní òòró, nítorí náà ti ìbú kò ṣòro, ṣùgbọ́n ti òòró ni wọ́n fún pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé. Ẹni tí ó bá ṣe é á rí ohun tí ó wà níwájú dáadáa, kò sì ní ṣèèṣì já sínú kòtò bí ti bàbá wa ará Bódìjà, ṣùgbọ́n Mario ti di ràbàtà, àwọn bíríkì sì ti pẹlẹbẹ. Nínú méjèèjì, ti 1999 ni a fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ kú léraléra yóò bá wa jiyàn.

Ti pé wọ́n kàn kó o sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ìlànà tí a kọ fún ọpọlọ ẹ̀rọ kan kì í yé òmíràn. Ọpọlọ inú Famicom wá láti ìdílé 6502, ti Game Boy sì jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ Sharp ṣe, tí ó jọ Z80. Èdè àwọn méjèèjì kò bá ara mu. Nítorí náà, wọ́n ní láti tún géèmù náà kọ, kí wọ́n sì rí i pé bí Mario ti ń yọ̀ kí ó tó dúró, bí ó ti ń ga sókè nígbà tí ìka bá pẹ́ lórí A, àti bí ó ti ń kúrú bí ìka bá tètè kúrò, bá ti 1985 mu dé ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní fura. Iṣẹ́ yìí ni a gbóríyìn fún jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé bí fífò bá yàtọ̀ díẹ̀ nínú irú géèmù orí pèpéle báyìí, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ ọ. Gbogbo géèmù 1985, orin Koji Kondo àti ìpele 32 rẹ̀ lápapọ̀, kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Ìṣúnná owó, tàbí ká sọ pé ìṣúnná àyè, pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwòrán kan náà ni àwọsánmà òkè àti igbó etí ọ̀nà: wọ́n kun ọ̀kan ní funfun, wọ́n kun èkejì ní àwọ̀ ewé. Kásẹ́ẹ̀tì 1999 gba mẹ́gábáìtì kan, ìyẹn ju ìlọ́po márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Kí ni wọ́n wá fi àyè tó kù ṣe? Lẹ́tà tí ó wá láti Abẹ́òkúta nísàlẹ̀ yóò dá ọ lóhùn.

Ẹ kú àkókò yìí o. Mo máa ń rí kásẹ́ẹ̀tì Super Mario Bros. Deluxe ní ọjà àlòkù tí ó wà nítòsí wa níbí, iye owó wọn kò sì dọ́gba rárá. Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó? Ọmọkùnrin mi ní Nintendo DS àtijọ́ kan. Ṣé yóò bá a ṣiṣẹ́? — Ìyá kan, Peckham, London

A óò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kejì kí ẹ má baà ná owó dànù. Rárá, mà. DS gba kásẹ́ẹ̀tì Game Boy Advance, ṣùgbọ́n kò gba ti Game Boy tàbí ti Game Boy Color. Ẹ̀rọ tí yóò gbà á ni Game Boy Color fúnra rẹ̀, Game Boy Advance ti 2001, àti Game Boy Advance SP tí ó jáde ní 2003. Àwọn Game Boy àtijọ́ tí kò ní àwọ̀ kò lè lò ó rárá. Bí ẹ bá rí SP, òun ni kí ẹ rà, nítorí pé ó ní iná tirẹ̀ lójú, nígbà tí Game Boy Color kò ní. Ẹni tí ó bá ń lo Color ní láti jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lórí Game Boy Advance àti SP, àwòrán náà á dúró ní àárín, bí ọmọ bá sì tẹ bọ́tìnì L tàbí R, á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, Mario á wá sanra bí olówó.

Ní ti ojúlówó, ike tí a lè rí inú rẹ̀ ni Nintendo lò fún un, nítorí pé Game Boy Color nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ike rẹ̀ bá jẹ́ eérú tàbí dúdú, ẹ máa bá tiyín lọ. Ṣùgbọ́n àwọn aláfarawé náà mọ ti ike yìí, nítorí náà ẹ tún wo ìdè tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: ti Nintendo kì í ṣe irú èyí tí síkúrù-dírífà lásán lè tú. Ẹ wo bébà iwájú bóyá lẹ́tà rẹ̀ ṣókùnkùn tàbí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá ju bó ti yẹ lọ.

Bí ẹni tí ń tà á bá gbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe ìpele kan, kí ó fi pamọ́, kí ẹ yọ kásẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì tún fi padà. Bí ohun tí ó fi pamọ́ kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: bóyá ayédèrú ni, tàbí kí ó jẹ́ pé bátìrì pẹlẹbẹ tí ó wà nínú ojúlówó ti kú. Bátìrì yẹn ni ó ń di ìrántí kásẹ́ẹ̀tì náà mú, láti 1999 sì títí di ìsinsìnyí, kò yani lẹ́nu bí agbára rẹ̀ bá ti tán. Géèmù yóò ṣì ṣiṣẹ́ láìsí i, ṣùgbọ́n kò ní lè fi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tí ó ń tún rédíò tàbí fóònù ṣe lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé irin gbígbóná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ibẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sẹ́lótéèpù mú un.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ pé géèmù mìíràn pamọ́ sínú Mario Deluxe, àti pé òun ti rí i. Mo ní irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí ìjà. — Ọmọbìnrin kan, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò purọ́. Bí ẹni tí ń ṣeré bá gba máàkì 300,000 nínú eré ti 1985, ilẹ̀kùn Super Mario Bros. for Super Players yóò ṣí, èyí tí í ṣe Super Mario Bros. 2 tí wọ́n mú jáde ní Jàpáànù ní ọdún 1986. Wọn kò gbé e lọ sí Amẹ́ríkà nígbà náà nítorí pé wọ́n gbà pé ó ti le jù. Géèmù mìíràn tí ó ń jẹ́ Yume Kōjō: Doki Doki Panic ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n fi ojú Mario sí, tí wọ́n sì tà fún wọn ní ọdún 1988 pẹ̀lú orúkọ Super Mario Bros. 2. Ìgbà tí ó di 1993 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó rí ti Jàpáànù náà, pẹ̀lú orúkọ The Lost Levels. Olú olóró wà nínú rẹ̀, èyí tí ó ń pa Mario kékeré tí ó bá jẹ ẹ́. Ẹ fojú inú wo irú géèmù bẹ́ẹ̀ lórí ojú ẹ̀rọ tí kò fi ju bíríkì 10 hàn! Ṣùgbọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀: ayé kẹsàn-án àti ayé A títí dé D kò sí, atẹ́gùn tí ó máa ń gbé Mario kọjá kòtò kò sí, Luigi, arákùnrin Mario, tí ó ń fò ga jù ú lọ nínú ti 1986 kò sì yàtọ̀ sí i mọ́.

Èyí tí ó yẹ kí ẹ máa jà lé lórí jù ni apá tí wọ́n ń pè ní Challenge. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, owó ẹyọ pupa márùn-ún wà, ẹyin Yoshi, dáínósọ̀ ọ̀rẹ́ Mario, kan pamọ́ síbì kan, iye máàkì kan sì wà tí ẹ ní láti gbà. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n fi àwọn owó yìí sí. Wọ́n mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí a máa ń sáré kọjá di ibi tí a ní láti dúró tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ní ibí yìí, kékeré ojú ẹ̀rọ kò jẹ́ àléébù mọ́, nítorí pé wíwá nǹkan ni iṣẹ́, ohun tí a kò rí ni ó sì ń mú un dùn. A rò pé apá yìí nìkan ni wọ́n ṣe fún Game Boy Color látọkànwá. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí ẹ jọ sá eré ìje. Bí ẹnì kan kò bá sì sí nílé, Boo, iwin funfun yẹn, wà níbẹ̀ tí yóò bá ẹni tí ó kù sáré.

Ṣé Nintendo ṣì ń ta Deluxe yìí? Ṣé mo lè ṣe é lórí fóònù mi? — Òǹkàwé kan, Òṣogbo

Wọ́n tún gbé e jáde fún Nintendo 3DS ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n wọ́n ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 3DS pa ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tí kò bá sì tíì rà á nígbà náà kò lè rà á níbẹ̀ mọ́. Nintendo kò ṣe é fún fóònù. Super Mario Run tí wọ́n mú jáde fún fóònù ní 2016 kì í ṣe òun; Mario ń sáré fúnra rẹ̀ nínú ìyẹn, ènìyàn kàn ń fọwọ́ tẹ ojú fóònù kí ó lè fò ni. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ń pín kiri fún fóònù kò ní àṣẹ Nintendo, a kò sì ní júwe ọ̀nà wọn.

Ti 1985 fúnra rẹ̀ wà lórí Nintendo Switch fún ẹni tí ó bá ń san owó ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ojú Switch àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 2017, ní píksẹ́lì 720 ní òòró, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta 240 gééré, nítorí náà gbogbo àwòrán Famicom ni ó lè wọ inú ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ mú láìgé e, láìfún un pọ̀. Bí bàbá wa ará Bódìjà bá rí ọ̀kan yá, á rí kòtò yẹn kí ó tó dé ibẹ̀.